Fíìmù Tí Tasneem Sọ Létí Omi

Salimata tó máa ń di irun fún mi ní Attécoubé, àdúgbò kan ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Inú àgbàlá tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń gbé, ojú rẹ̀ ni ó sì ṣe. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Rahmatou dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àlejò Ìyá Àgbà, ó ń wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń ti ara wọn kí wọ́n lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Samira. Bàsìt, àbúrò rẹ̀ gan-an, ọmọ ìyá rẹ̀, ti gbé orí lé itan Samira.

"Bàsìt, wá síbí," ni Rahmatou wí. "Àyè wà lọ́dọ̀ mi."

"Mo ti jókòó," ni Bàsìt dáhùn. Kò tilẹ̀ yí ojú padà. "Tántì Samira ti fẹ́ tẹ fíìmù." Tántì ni àwọn ọmọ náà máa ń pe àǹtí.

Rahmatou fi ara ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun àti Samira, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n bí wọn sí, lórí òkè Attécoubé níbi tí èèyàn ti lè rí omi ọ̀sà àti àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Samira ti fẹ́ ṣe BEPC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, Rahmatou sì wà ní kíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí wọ́n ní kó tún kíláàsì kan ṣe. Bí àwọn ìyá inú àgbàlá bá fẹ́ gba ọmọ wọn nímọ̀ràn, orúkọ Samira ni wọ́n máa ń dá. Tí wọ́n bá fẹ́ rán èèyàn lọ ra yìnyín, orúkọ Rahmatou ni wọ́n máa ń pè.

Ìyá Àgbà tí mo ń sọ yìí ni Àlájà Mùsílímátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Kassim, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ni ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá náà fún un, òun ni ó sì ń san owó fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù. Fíìmù inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ti ọmọdé wà níbẹ̀, ti àgbà wà níbẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wò náà wà níbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni Kassim ṣe fi kóòdù tì í. Ọmọ ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń gbé pẹ̀lú Ìyá Àgbà, Tasneem, ọmọ ọdún mẹ́fà. Fatimata, ọmọ Ìyá Àgbà tó bí Tasneem, ti rìnrìn-àjò. Ìyá Àgbà sọ fún gbogbo èèyàn pé Bouaké, ìlú kan ní ilẹ̀ náà, ni ó wà, pé ó ń ṣòwò.

Ní Ọjọ́rú, àwọn ọmọ kékeré kì í lọ sí ilé-ìwé lọ́sàn-án, àwọn ìyá wọn sì wà lọ́jà. Yàrá Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn máa ń kó ara jọ sí. Samira ni Ìyá Àgbà fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá àti kóòdù tẹlifíṣọ̀n, Samira ni ó sì ń yan ohun tí wọ́n máa wò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó bá ti dé láti ilé-ìwé, á dá jókòó, á wo fíìmù ọ̀la láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òfin kan wà níbẹ̀. Èdè Faransé ni fíìmù fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí Ìyá Àgbà bá ti ọjà dé, ọmọ kan gbọ́dọ̀ dìde kí ó sọ fíìmù náà fún un ní Yorùbá. "Faransé ti fẹ́ gba ẹnu yín tán," ni ó máa ń wí. "Ẹ fi ojú wò ó ní Faransé, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún mi ní èdè mi." Á wá bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ lórí ẹní, á máa gbọ́. Ìgbà kan, Axel, ọmọ àwọn ará Kétu tó wà ní yàrá ìkángun, kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ọ̀kẹ́rẹ́ ní Yorùbá. Ó ní, "Eku kan wà, Ìyá Àgbà, ó ń gun igi, ìrù rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, bí Samira ṣe ń yí àwọn àwòrán kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan dé tí ó mú kí àwọn ọmọ dìde. Fíìmù tí wọ́n fi ọwọ́ yà ni. Omi búlúù ni, ọkọ̀ kékeré pupa kan, obìnrin kan tó wé gèlè àti ọmọ kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí, Tántì. Ẹ jẹ́ ká wo èyí."

Samira yára yí i kọjá.

"Ìgbà wo ni o máa fi ìyẹn hàn wọ́n?" ni Rahmatou bi í. "Gbogbo ìgbà lo máa ń fò ó."

"Fi í sílẹ̀."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà lè wò ó. Kò sí ìfẹnukonu níbẹ̀, kò sí ìhòòhò, kò sí ìbọn. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Ohun tí àwọn ìyá inú àgbàlá náà fi ń wọn fíìmù ni Rahmatou sọ yẹn. Tí kò bá ti sí ìfẹnukonu àti ìhòòhò, fíìmù rere ni.

"Mo ti wò ó dé òpin," ni Samira wí. "Fi í sílẹ̀, Rahmatou."

"Ṣé èmi ò lè mọ ìdí rẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ."

Rahmatou tún fi ara ti ògiri. Ó gbàgbọ́ pé ìgbéraga ni. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Samira ń fi èyí tó dùn jù pamọ́, kí ó lè fi hàn wọ́n lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn máa yìn ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìdánwò BEPC tí wọ́n ń fi ẹnu dáhùn bọ́ sí Ọjọ́rú. Ní òwúrọ̀, Samira kan ilẹ̀kùn yàrá Rahmatou, ó wọ aṣọ ilé-ìwé tí ó ti lọ̀ dáadáa, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Jọ̀ọ́, bá mi dúró ti àwọn ọmọ lónìí. Mo ti wá fíìmù wọn sílẹ̀, òun ni ó wà lókè pátápátá. Tó bá ti parí, pa á." Ó wá sọ kóòdù náà fún un létí.

"Ṣé Ìyá Àgbà mọ̀ pé èmi ni?"

"Mi ò tíì rí i láti àná. Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà, ìwọ ṣáà ni."

Ìwọ ṣáà ni. Rahmatou gbé ọ̀rọ̀ náà yí lọ́kàn títí di ọ̀sán, bí ẹni pé òun kò jámọ́ nǹkan kan, bí ó sì ṣe ń yí i ni ó ń dùn ún sí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, Axel yọjú wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tántì Samira dà?"

"Ó lọ ṣe ìdánwò. Èmi ni màá fi fíìmù hàn yín."

"Ìwọ?" Axel yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó sùn lọ lọ́jọ́sí, tó ń hanrun lé fíìmù lórí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Bàsìt náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi imú ṣe bí ẹni tó ń hanrun. Ara Rahmatou gbóná láti ọrùn dé etí. Ó gbé rìmóòtù, ó tẹ kóòdù, ó sì kọjá lórí fíìmù tí Samira ti wá sílẹ̀. Ó dúró lórí ọkọ̀ pupa.

"Lónìí, ẹ máa rí ohun tí Samira ń fi pamọ́ fún yín," ni ó wí.

Ariwo ayọ̀ sọ. Rahmatou ti wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà rí lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò ó dé òpin. Lóòótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ náà dára. Ọmọ inú rẹ̀ ń sá tẹ̀lé akàn létí òkun, ìyá rẹ̀ ń ju iyanrìn sí i. Bàsìt fà wá díẹ̀díẹ̀, ó gbé orí lé itan Rahmatou. Rahmatou kò mira, kí orí náà má baà kúrò níbẹ̀. Ó ń rò ó pé, bí ó ṣe máa ń rí lára Samira ní gbogbo Ọjọ́rú nìyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá inú fíìmù náà gbé ọmọ rẹ̀ lé ìyá àgbà kan lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ pupa, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ lókè òkun. Ìjì dé. Ọkọ̀ dojú dé. Ọmọ náà ń dúró létí òkun lójoojúmọ́ títí ó fi dàgbà, nígbà tí fíìmù sì fẹ́ parí, ó da òdòdó sórí omi. Kò sí ìfẹnukonu kankan níbẹ̀.

Bàsìt ń sunkún. Axel fi etí aṣọ nu ojú, ó ní ìdọ̀tí ló kó sí òun lójú. Tasneem nìkan ni kò sunkún. Ó jókòó ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún.

"Ṣé ó ti parí?" ni ó bèèrè.

"Ó ti parí."

"Ìyá rẹ̀ dà?"

"Fíìmù ni, Tasneem."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ̀ dà?"

Rahmatou pa tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà yẹn ni ó rántí pé Ìyá Àgbà máa dé láìpẹ́, pé á jókòó sórí ẹní, á ní kí wọ́n sọ fíìmù fún òun. Bí Ìyá Àgbà bá gbọ́, Samira náà á gbọ́.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí, ó dín ohùn rẹ̀ kù. "Ẹ má sọ fíìmù yìí fún Ìyá Àgbà. Ẹ rántí ti ewúrẹ́ tó ń lọ sílé-ìwé, èyí tí ẹ wò nígbà tí Ìyá Àgbà lọ kí àwọn ará rẹ̀ ní Gonzagueville? Òun ni kí ẹ sọ. Axel, ìwọ ni kí o sọ ọ́."

"Ṣebí Tasneem ló kàn lónìí," ni Axel wí.

"Inú ń run mí," ni Tasneem wí, ó sì jáde.

Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, Axel sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ọ́ dáadáa, ó tilẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run bá òun dá Samira sí. Samira ni ó tún dárúkọ. Samira kò sí nílé, Ìyá Àgbà kò sì mọ̀, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣàdúrà fún. Nígbà tí Samira dé lálẹ́, Rahmatou dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un láì sọ ohun tí wọ́n wò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Ìyá Àgbà mú Tasneem dání lọ sí ọjà, bí ó ti máa ń ṣe. Rahmatou bá wọn ru igbá aṣọ kan sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn tó dé etí omi. Níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní pinasse ti ń kó èrò sọdá sí Treichville. Èrò ti pọ̀. Àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn. Nígbà tí ó kan Ìyá Àgbà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

Tasneem di ìró rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má wọ̀ ọ́."

"Tasneem, kí ni? Wọlé, àwọn èèyàn ń dúró."

"Ẹ má wọ̀ ọ́, Ìyá Àgbà. Ẹ má wọ̀ ọ́." Ó fà á débi pé ìró fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ọkùnrin tó ń gba èrò sọ̀rọ̀ ní Faransé pé kí wọ́n yára. Obìnrin kan gbìyànjú láti já ọwọ́ ọmọ náà, kò já.

Ọmọ yìí tí kò sọ fíìmù ní Ọjọ́rú wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ọ́ létí omi, ní Yorùbá, bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ wọn, kò fò ibì kankan.

"Obìnrin kan wà, ó ní ọmọ kan. Wọ́n ń ṣeré pẹ̀lú akàn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ó wọ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ wá. Ọkọ̀ yí dé, gbogbo wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn dúró, ó dúró, ó di àgbà, ìyá rẹ̀ ò wá mọ́. Ó ju òdòdó sínú omi." Ó mí. "Màmi náà wà létí omi. Wọn ò sí ní Bouaké. Tunisia ni wọ́n wà, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó máa gbé wọn sọdá òkun. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ rò pé mo ti sùn."

Ìyá Àgbà yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ àyà, ọkọ̀ sì lọ láìsí wọn nínú rẹ̀.

Rahmatou dúró pẹ̀lú igbá lórí. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Samira ni ó máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí Fatimata ń kọ ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá Àgbà, nítorí Ìyá Àgbà kò mọ̀ ọ́n kà. Samira mọ ibi tí Fatimata wà, ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń fo ọkọ̀ pupa yẹn.

"Samira," ni Ìyá Àgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Samira tí mo fi ọkàn tán. Ó mọ̀, ó sì lọ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han ọmọ yìí."

Rahmatou la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ó tún pa á dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe Samira sí yàrá àlejò. Rahmatou dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ilẹ̀kùn.

"Samira, ta ló fi fíìmù ọkọ̀ han Tasneem?"

Samira wo Rahmatou, ó wò ó pẹ́, Rahmatou sì wo ilẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni kóòdù wà, Ìyá Àgbà," ni Samira wí níkẹyìn.

"Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Samira kúnlẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí ẹní, ó dìde, ó jáde. Ìyá Àgbà mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó na ọwọ́. "Rahmatou, gbà. Láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa ṣọ́ wọn."

Ohun tí Rahmatou ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbà á. Ó gbà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dára. Tasneem kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà jáde láàárọ̀ tí kò bá ṣèlérí pé òun kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Àgbà kò fẹ́ parọ́ fún un, nítorí náà mọ́tò ni ó ń wọ̀, ó ń jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, àwọn mìíràn á sì ti ta ọjà kí ó tó débẹ̀. Àwọn ará àgbàlá ń sọ̀rọ̀ Fatimata ní kọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ Samira. "Ẹ ò rí i, àwọn tí à ń yìn," ni obìnrin kan wí nídìí ẹ̀rọ omi. Rahmatou gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa Samira, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ọ, kò dùn ní etí rẹ̀.

Ọjọ́rú dé. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n jókòó, kò sí ẹni tó ń ti ẹnìkejì. Tasneem kò wọlé. Ó jókòó lórí pèpéle níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Samira tó ń fọ aṣọ. Rahmatou ń rí orí àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé, ọ̀kan súnmọ́ èkejì, ìlara sì tún gún un ní àyà. Òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Samira ni ọmọ náà wà.

Ó gbé rìmóòtù. "Ó dáa. Kí ni ẹ fẹ́ wò?"

Axel gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà nílé-ìwé. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yìí.

"Tántì Rahmatou, èwo la máa wò lónìí, èwo la sì máa sọ fún Ìyá Àgbà?"

Rahmatou wò ó. Àwọn yòókù ń dúró de èsì, Bàsìt náà ń dúró. Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n rò pé bí nǹkan ṣe máa rí láti ìsinsìnyí lọ nìyẹn, pé fíìmù kan máa wà fún ojú, òmíràn máa wà fún ẹnu. Òun ni ó kọ́ wọn. Samira kò kọ́ wọn nírú rẹ̀ rí.

Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá títí Ìyá Àgbà fi sọ̀kalẹ̀ nínú takisí tó kó èrò wá, tí aṣọ rẹ̀ ti kún fún òógùn. Rahmatou kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Àgbà, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni? Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí."

"Èmi ni mo fi fíìmù ọkọ̀ hàn wọ́n. Samira lọ ṣe ìdánwò. Ó ti yan òmíràn sílẹ̀ fún wọn, èmi ni mo fò ó. Èmi ni mo sì ní kí wọ́n sọ ti ewúrẹ́ fún yín."

Ìyá Àgbà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. "O jẹ́ kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. O dúró níbẹ̀, o ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ni Samira fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Òun ni gbogbo èèyàn ń pè. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pe èmi náà."

Nígbà tí Ìyá Àgbà tún sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn gan-an ni ó mú kí Rahmatou sunkún. "Ẹ̀rù Fatimata, èmi nìkan ni mo fẹ́ kó máa bà. Mo fi pamọ́ fún ọmọ yìí, bóyá èmi náà kò ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ya àwòrán rẹ̀ hàn án. Lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́."

Samira ń sá aṣọ lórí okùn nígbà tí Rahmatou dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó ti mọ̀," ni Rahmatou wí. "Mo ti sọ fún un."

"Mo ti ń dúró dè ọ́ láti Sátidé."

"O mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tí o kò sọ?"

Samira na ẹ̀wù kan, ó fi ẹ̀mú aṣọ há a mọ́ okùn. "Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo rẹ̀ fún gbogbo àgbàlá. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà á bèèrè bí kóòdù ṣe dé ọwọ́ rẹ, mi ò sì gba àṣẹ kí n tó fún ọ. Ó yẹ kí n gbà á. Ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ tèmi. Tìrẹ, ìwọ ni kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé kò sí nǹkan. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ń bá aṣọ sísá lọ.

Rahmatou kó àwọn ọmọ jọ ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún wọn pé irọ́ ni òun kọ́ wọn, pé ohun tí wọ́n bá wò ni kí wọ́n máa sọ, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó máa kó sí wàhálà. Axel ní, "Ó dáa, Tántì, ṣùgbọ́n mo gbádùn ìgbe ewúrẹ́ yẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn, Samira gbà kí Rahmatou máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n á jókòó, wọn kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n á wo fíìmù dé òpin. Níbẹ̀ ni Rahmatou ti rí bí Samira ṣe ń yan fíìmù. Nọ́ńbà ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára fíìmù, Samira máa ń wò ó, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. "Ẹni tó kọ nọ́ńbà yìí kò mọ Tasneem," ni ó wí. "Kò mọ̀ pé ajá bu Bàsìt jẹ rí. Àwa la mọ̀ wọ́n." Ó máa ń bi ara rẹ̀ pé ta ló máa jókòó síbẹ̀, kí ló ń bà á lẹ́rù, ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ náà máa gbé jáde kúrò nínú yàrá lẹ́yìn tí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n.

Rahmatou ni ó rí fíìmù kan tó jẹ́ ti atukọ̀. Ó ti wá irú rẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí Tasneem. Bàbá arúgbó kan ni, ó ń tu àwọn ọmọ ilé-ìwé sọdá odò láàárọ̀, ó ń tù wọ́n padà lálẹ́. Kò sí nǹkan ńlá tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan jábọ́ sínú omi, gbogbo èèyàn pariwo, pẹ́pẹ́yẹ sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ ní tirẹ̀.

"O wò ó dé òpin?" ni Samira bi í.

"Mo wò ó, mo tún un wò. Mo tún sọ fún Ìyá Àgbà kí n tó mú un wá. Ó ní ká gbìyànjú, pé ká pa á tí ojú ọmọ náà bá yí padà."

Ní Ọjọ́rú, Samira tẹ̀ ẹ́. Tasneem dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ jábọ́, ó wọlé wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Samira. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, òun ni ó dìde láti sọ ọ́. "Ó lọ, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Pẹ́pẹ́yẹ náà ò kú, pẹ́pẹ́yẹ ni."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ nu ojú. Ó kọjú sí Samira, ó ní, "O káre. O mọ̀ ọ́n yàn."

Samira la ẹnu láti sọ ẹni tó rí i. Rahmatou mi orí fún un, pé kó fi í sílẹ̀. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ó dùn ún gidigidi, ìlara kì í kúrò lára èèyàn lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yé e, ohun náà ni mo fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin tó ń kà á. Ẹni tó ń yan ohun tí ọmọdé máa wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀ títí dé òpin, kí ó sì máa fi ojú ọmọ náà wò ó. Tó bá jẹ́ pé ìyìn ara rẹ̀ ni ó ń wá, ọmọ ọlọ́mọ ni ó máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ́ ọmọdé láti fi ohun tó wò pamọ́ ti ṣe é ní ibi jù bí fíìmù náà ṣe lè ṣe é lọ.

Fatimata ṣì wà ní Tunisia. Ìyá Àgbà sọ fún un lórí fóònù ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe létí omi. Fatimata ní òun á ṣì mú sùúrù ná, òun kò ní tíì wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí sùúrù náà ṣe máa pẹ́ tó.

Ní Sátidé kan, Tasneem ní òun fẹ́ bá Ìyá Àgbà lọ sọ́jà, pé kí wọ́n gba ojú omi lọ. Samira bá wọn lọ. Rahmatou ni ó ru igbá aṣọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi pákó tí èèyàn ń gbà wọ ọkọ̀, Rahmatou gbé ẹrù fún ọkùnrin tó ń gba èrò, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ náà láti mú un sọdá.

Tasneem wo ọwọ́ náà. Ó rékọjá níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ Samira mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó, ó wọ inú ọkọ̀, ó sì jókòó sáàárín Ìyá Àgbà àti Samira. Ẹ́ńjìnnì dún. Rahmatou dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ẹ̀yìn orí kékeré Tasneem bí ọkọ̀ ṣe ń kọjú sí Treichville. Ọmọ náà kò wo ẹ̀yìn.